Ṣé eré ni mo rán ọmọ mi lọ ṣe? Àlàyé lórí eré oníṣe nínú kíláàsì

Ìyá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, lọ́jọ́ kan. Ó wá san owó ọmọ rẹ̀. Ó bá a pé a ti ti gbogbo bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri, àwọn ọmọ bí ogún tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ méjì, wọ́n ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ bí omi, wọ́n ń fẹnu pariwo "ṣùàà, ṣùàà." Ọmọ tirẹ̀ gan-an ló wà níwájú. Ìyá náà ò bínú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Ó kí mi, "Òkun o, Àńtí," mo dá a lóhùn, ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ má bínú o. Ṣé eré ni mo rán ọmọ mi wá ṣe ni?"

Mi ò gbàgbé ìbéèrè yẹn, torí ó tọ́ kó béèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pe nǹkan púpọ̀ nínú èdè wa. Ọmọ tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ sebẹ̀ ń ṣeré. Òṣèré inú tẹlifíṣàn ń ṣeré. Ẹni tó fọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ̀fẹ̀, o ní ó ń bá ọ ṣeré. Nígbà tí tíṣà bá wá sọ pé eré lòun fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kí ni òbí tó forí ṣe fọrùn ṣe kó tó rówó iléèwé yóò rò? Á rò pé tíṣà ò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni.

Ohun tó tún dà á rú ni pé eré oníṣe tó ń wọ iléèwé pé mẹ́ta, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí kálukú ń ṣe fún ọmọ.

Èyí tí gbogbo òbí mọ̀ ni ti ìparí ọdún. Ẹ mọ̀ ọ́n: wọ́n á ta kánópì, sípíkà á máa hó, alága á jókòó sórí tábìlì gíga, àwọn ọmọ á wọ aṣọ òkè, ọ̀kan á di ọba, ọ̀kan á di olorì, àwọn ìyá á máa fi fóònù ya wọ́n. Ó dára. Ọmọ tó ti dúró níwájú èrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù èrò kì í bà á bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi: nínú igba ọmọ, bí méjìlá ló ń ṣe é. Àwọn tó kù ń wòran nínú oòrùn. Àwọn méjìlá yẹn náà, ọ̀rọ̀ tí àgbà kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń há sórí, bí wọ́n bá sì gbàgbé ìlà kan lórí ìtàgé, ìtìjú ni. Èyí tó ń ná wa lówó jù ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ láǹfààní kéré jù.

Èkejì ni eré tí àwọn òṣèré àgbà ṣe fún ọmọ wò. Àwa tí a bí sí ilẹ̀ yìí ò ṣàjèjì sí i, torí eléré alárìnjó ti ń ti ìlú dé ìlú tipẹ́tipẹ́. Àní Hubert Ogunde tí gbogbo Yorùbá mọ̀, tíṣà ni kó tó di ọlọ́pàá, ìyẹn kó tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Ní 1965, ilé eré Belgrade ní ìlú Coventry ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í rán òṣèré lọ sí iléèwé, wọ́n á ṣeré, wọ́n á sì pe àwọn ọmọ wọ inú eré náà kí wọ́n bá wọn dá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rò. Ibẹ̀ ni àṣà yẹn ti tàn ká. Ṣé wíwò lásán ń ṣàǹfààní? Ó ń ṣe. Àwọn olùwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 2014: wọ́n ṣẹ́ ìbò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan lọ wo eré lójúkojú, àwọn kan ò lọ. Àwọn tó lọ mọ ìtàn eré náà àti àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jù, wọ́n sì túbọ̀ gba èrò ẹlòmíì tó yàtọ̀ sí tiwọn láyè. Bí ẹgbẹ́ eléré bá wá sí ìlú yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ wò ó.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ sọ jù, òun sì ni ìyá yẹn bá lọ́wọ́ wa. Kò ní òǹwòran. Kò ní aṣọ tí wọ́n rán. Kò sẹ́ni tó há nǹkan kan sórí. Gbogbo kíláàsì ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún, torí wọ́n fẹ́ lóye ẹ̀kọ́ kan pàtó. Bó bá parí, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ́ wa dá lórí ẹ̀kún omi tó máa ń bo Lọ́kọ́ja. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú: odò Ọya, odò Bẹ́núé, ibi tí wọ́n ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Àwọn ọmọ dà á kọ, ìwé wọn mọ́ tónítóní. Mo wá béèrè pé, "Báwo ni omi Kamẹrúùnù ṣe ń wọ ilé ẹni ní Lọ́kọ́ja?" Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n lè kà á, kò yé wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹbí tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja. Ní 2012 àti ní 2022, omi bo apá kan ìlú yẹn, ó sì dí títì tó lọ sí Abuja.

Mo ní kí wọ́n dìde. Mẹ́wàá di odò Ọya, mẹ́wàá di Bẹ́núé. Mo ní aṣáájú odò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ti Ọya ní, "Orí òkè ní Gínì ni mo ti ṣẹ̀, mo gba Málì kọjá, mo gba orílẹ̀-èdè Niger wọ Nàìjíríà." Ti Bẹ́núé ní, "Òkè Adamawa ní Kamẹrúùnù nilé mi." Ọmọkùnrin kan tó sanra díẹ̀, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló di ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù. Ó na apá méjèèjì, ó dènà Bẹ́núé. Ọmọbìnrin méjì jókòó sílẹ̀ láàárín, pẹ̀lú báàgì ìwé wọn: àwọn ni ará Lọ́kọ́ja. Àwọn tó kù ń fi ìka gbá tábìlì, àwọn ni òjò.

Òjò bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń le. Bẹ́núé ń kóra jọ sẹ́yìn Lagdo, wọ́n ń tì í. Mo rí apá ọmọ yẹn tó ń gbọ̀n. Ó kígbe pé, "Apá mi ò ká a mọ́!" ló bá ṣílẹ̀kùn. Bẹ́núé ya dà. Ọya tí òjò ti kún tẹ́lẹ̀ ń bọ̀ láti apá kejì. Ogún ọmọ pàdé lójú ibi tí kò gbà ju mẹ́fà lọ. Ọ̀kan nínú ará Lọ́kọ́ja gbé báàgì lórí, ó ń pariwo, "Ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù mi!"

Mo ní kí gbogbo wọn dúró gan-an síbi tí wọ́n wà. Mo tún béèrè ìbéèrè yẹn. Ọwọ́ ò ṣe é kà. Ọmọ tó ṣe Lagdo ní, "Àńtí, wọn ò lè dá èmi nìkan lẹ́bi. Odò Ọya ti kún kó tó débẹ̀. Àwọn náà sì kọ́lé sójú ọ̀nà omi." Ìdáhùn tó pé nìyẹn, mi ò kọ ọ́ sójú pátákó rí. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i láti ibi tó dúró sí.

Nǹkan méjì kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ara. Ohun tí ènìyàn fi ara ṣe kì í tètè fò lọ lọ́kàn. Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti ń dán èyí wò láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń rí i pé ẹni tó ṣe ìṣe kan máa ń rántí rẹ̀ ju ẹni tó gbọ́ ọ lásán. Èkejì ni ipò. Ọmọ tó wọ ipò ẹlòmíì ní láti ro ohun tí ẹni yẹn á rò. Lev Vygotsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, sọ pé nínú eré, ọmọ a máa hùwà bí ẹni tó ga ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ wo ọmọ ọdún márùn-ún tó gbé ọmọlangidi pọ̀n: kò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nílé, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ìgbà tó bá fi jẹ́ "ìyá," sùúrù rẹ̀ pọ̀.

Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá pàlọ́ fún ọmọ tí ó sì ní kí wọ́n gbè é, inú eré ló fi wọ́n sí. Nínú ẹkùn mẹ́ran, ọ̀kan jẹ́ ẹkùn, ọ̀kan jẹ́ ẹran, agbo ni ọgbà tó ń dáàbò bo ẹran, ọmọ ọdún méje sì mọ ojúṣe tirẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Àwa ni a ti ilẹ̀kùn iléèwé mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ èdè ló jẹ́ kí n gbà pé ilẹ̀ wa níhìn-ín nílò rẹ̀ ju ibòmíì lọ. Ọmọ kan ń sọ Owé nílé, tàbí Yàgbà, tàbí Ìjùmú, tàbí Bùnú, tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ti agbègbè wa. Ó dé iléèwé, Yorùbá inú ìwé yàtọ̀ sí ti ẹnu ìyá rẹ̀. Ó ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ru ẹrù mẹ́ta lórí, a wá ń sọ pé kò mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní olódo, kò sóhun tó ṣe ọpọlọ wọn; inú wọn ló kún, ẹnu wọn ni kò rọ́nà. Nínú eré, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi èdè ilé wọn sọ ọ́. Ọmọ tó ń ṣe ìyá ọlọ́jà á sọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jà, pẹ̀lú gbogbo ìfọwọ́ṣàpèjúwe rẹ̀. A ó tún un ṣe ní Yorùbá inú ìwé. A ó tún un ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, ọmọ náà ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́ nìkan ló ń wá. Àwọn tó bá rò pé èdè ilé á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kí wọ́n rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù.

Ìṣirò ńkọ́? Lásìkò kajú, a máa ń ṣe olùrà àti àgbẹ̀. Òkúta kéékèèké ni kajú wa, olùrà ní òṣùwọ̀n. Kílò kan jẹ́ ₦1,200, àgbẹ̀ gbé kílò méje àbọ̀ wá, èló ni? Olùrà lè gbìyànjú àtirẹ́ ẹ jẹ. Mo gbà á láyè. Àgbẹ̀ tí kò bá lè ṣe é lórí, tó bá gba ₦8,400, tó sì lọ, ó ti pàdánù ₦600 lójú gbogbo kíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò nílò kí n ṣàlàyé ìdí tí ìdajì kílò fi ṣe pàtàkì.

Ẹnì kan á ní, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí dà? Ní ọdún 2000, Ann Podlozny ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 80 lórí eré oníṣe nínú kíláàsì jọ, ó yẹ̀ wọ́n wò papọ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọ tó fi ara ṣe ìtàn lóye rẹ̀ ju àwọn tó kàn kà á lọ. Ìwé kíkà wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn àti ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ sì dára sí i. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé òye yẹn máa ń bá ọmọ dé orí ìtàn mìíràn tí kò fi ara ṣe. Ṣùgbọ́n ní ti kí ọmọ mọ ọ̀rọ̀ tuntun púpọ̀ sí i, àǹfààní tó rí kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí àgbo tó ń wo gbogbo àrùn. Ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ há ìsọdipúpọ̀ sórí. Ó ṣì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Lọ́sẹ̀ kan, mi ò kì í lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, orí ẹ̀kọ́ tó ṣòro láti rí lójú ọkàn ni mo sì máa ń fi pamọ́ fún.

Ó ní ewu tirẹ̀, mo sì ti ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní iléèwé mìíràn, mo ní kí a ṣe ìdájọ́ olè kan ní ààfin. Mo yan ọmọkùnrin kan láti ṣe olè, torí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ṣe é débi pé gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Aago lù, gbogbo wọn sáré jáde lọ jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní "Olè" lórí pápá. Títí sáà yẹn fi parí, orúkọ yẹn ò kúrò lára rẹ̀, bí pẹ́ńsù bá sì ti sọnù ní kíláàsì, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìyá rẹ̀ wá bá mi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì tọ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé bí a ṣe ń wọ ipò, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a bọ́ ọ sílẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn.

Láti ìgbà náà, ọmọ kan kì í ṣe ènìyàn burúkú lẹ́ẹ̀mejì léra wọn lọ́wọ́ mi. Ọba náà kì í pẹ́ lórí ìtẹ́, torí bí a bá fi í sílẹ̀, ọmọ tó ga tó sì lẹ́nu ni yóò máa jọba láti sáà kìíní dé ìkẹta. Ní ti àwọn onítìjú, mi ò kì í fà wọ́n síta. Ọmọbìnrin kan wà tí kò sọ gbólóhùn kan ní kíláàsì fún oṣù méjì. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ àlòkù ṣe ọmọlangidi, mo ya ojú sí i, mo fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọlangidi yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ là ń gbọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló nawọ́ sókè láìsí ìbọ̀sẹ̀.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù ti ẹ̀sìn, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe babaláwo tàbí kó gbé ẹ̀kú. Mi ò bá wọn jà. Mo máa ń sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń fún ọmọ náà ní ipò mìíràn. Yíyí ipò kan ṣoṣo padà ò lè ba ẹ̀kọ́ kankan jẹ́. Ti ariwo rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ sọ fún tíṣà kíláàsì kejì, tàbí kí ẹ jáde lọ sábẹ́ igi.

Ní ti iléèwé tí ọmọ ọgọ́ta wà ní kíláàsì kan, tí àyè àtirìn ò sí, àwòrán adúrójẹ́ẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì wọn. Ẹ ka ìpínrọ̀ kan fún wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ara wọn ya àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má mira. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ wá máa rìn láàárín wọn, ẹ fọwọ́ kan èjìká ẹnì kan, kó sọ ohun tí ẹni tó dúró fún ń rò, ní gbólóhùn kan péré. Bí ẹ ò bá mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ẹ̀yin náà ẹ wọ ipò: ẹ jẹ́ olùrà tí kò mọ ìṣirò, ẹ jẹ́ àlejò tí kò mọ ọ̀nà Lọ́kọ́ja, kí wọ́n kọ́ yín. Dorothy Heathcote, olùkọ́ eré oníṣe ní Ìlú Ọba, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí àwọn tíṣà káàkiri ayé ń lò, ó sì máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ púpọ̀ láti rí tíṣà tí kò mọ nǹkan. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tó, pẹ̀lú ìró kan tó túmọ̀ sí "dúró": èmi máa ń fi bọ́tìnnì àtijọ́ mì nínú agolo.

Ìyá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà náà ò kúrò títí a fi ṣe tán. Ó rí i pé kí Ọya àti Bẹ́núé tó jókòó, mo pè wọ́n wá síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó gbọn ọwọ́ méjèèjì nù bí ẹni tí omi ń kán lára rẹ̀, ó pe orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ketekete, ó lọ fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ padà sáyè rẹ̀, ó sì mú ìwé jáde.